Ta Ló Yan Àwọn Tí Wọ́n Ní Ká Wá Yàn?



Bí ọjọ́ ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́: "Ẹ jáde, ẹ wá dìbò. Ọwọ́ yín ni agbára wà." Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Àwọn orúkọ tí a ó bá lórí ìwé ìbò, ta ló kọ wọ́n síbẹ̀?

Ìyá kan sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé: "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni n ó fún yín jẹ lálẹ́ yìí. Ṣé ẹ̀kọ ni, àbí àmàlà?" Ọmọ tó fẹ́ jẹ iyán ńkọ́? Wọ́n bi í léèrè lóòótọ́. Ó sì dáhùn. Síbẹ̀ ohun tó fẹ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n kà sí i létí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdìbò rí. Ìdìbò méjì ló wà nínú ọ̀kan. Èkíní ni èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń ṣe láàárín ara rẹ̀ láti mú ẹni tí yóò gbé kalẹ̀. Ìdìbò abẹ́lé là ń pè é. Èkejì ni èyí tí gbogbo ìlú ń jáde sí. Èkejì là ń rí. Bó bá wá jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì péré ló lágbára nílùú, èkíní ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù kí a tó jí lọ́jọ́ ìdìbò.

Ẹ jẹ́ ká wo Nàìjíríà, aládùúgbò wa, nítorí wọ́n ti dán oríṣiríṣi ọ̀nà wò níbẹ̀.

Ní 1989, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ló ń ṣe ìjọba. Ó ní òun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. Ẹgbẹ́ 13 ló wá béèrè pé kí wọ́n fọwọ́ sí àwọn. Ìjọba kò gba ọ̀kankan. Ó dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹṣin, àti NRC, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ idì. Ó kọ́ ilé fún wọn káàkiri, ó fún wọn lówó. Ó ní kí ọ̀kan yà díẹ̀ sí òsì, kí èkejì yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, kó lọ jókòó.

Ní 1992, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ìdìbò abẹ́lé láti mú ẹni tí yóò du ipò ààrẹ. Ariwo owó àti èrú gba ìlú kan. Ìjọba fagi lé e, ó sì dá olùdíje 23 dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tí wọ́n wá gbà ní 1993 ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Láti wọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àdúgbò tí àwọn ènìyàn ti mọ ara wọn. Ẹni tó fẹ́ jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ dúró níwájú àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n á kà wọ́n ní gbangba. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ ló ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kó tó dé ìpàdé ńlá ẹgbẹ́. Olówó tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò fẹ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́, nítorí àwa ará oko la mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí o bá ń tò, ẹni tó yá ọ lówó irúgbìn wà níbẹ̀, ó ń wò ọ́. Ẹni tó fún ọ ní ilẹ̀ tí o ń dá wà níbẹ̀. Baálé wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé tí kò fẹ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́, ibo ni yóò tò sí? Ìwé ìbò tí a tẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ló lè gba irú wọn là. Nítorí náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ó jẹ́ títò, rárá.

Ní oṣù kẹta 1993, ẹgbẹ́ SDP mú M.K.O. Abiola ní Jos. Ẹgbẹ́ NRC mú Bashir Tofa ní Port Harcourt. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Abiola gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, Tofa gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Abiola, ọmọ Abẹ́òkúta, borí ní Kano tí í ṣe ìpínlẹ̀ Tofa gan-an. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Babangida fagi lé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá, ológun mìíràn, Sani Abacha, ti gba ìjọba, ó sì tú ẹgbẹ́ méjèèjì ká. Ìjọba ló bí wọn, ìjọba ló pa wọ́n.

Ẹ wá wo 2022. Òfin ọdún yẹn gbà kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò abẹ́lé, tàbí kí àwọn aṣojú dì í, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì mú ti aṣojú fún ipò ààrẹ. Ní Abuja, Atiku Abubakar fi ìbò 371 borí nínú PDP. Bola Tinubu fi ìbò 1,271 borí nínú APC. Ẹ ro ó pọ̀: 1,642. Ọjà kan ṣoṣo lè gbà wọ́n. Àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní 2023 lé ní mílíọ̀nù 93.

Iléeṣẹ́ ìròyìn púpọ̀ ló kọ ọ́ pé wọ́n pín dọ́là fún àwọn aṣojú lọ́dún náà. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ ra ènìyàn 2,000, tí ó mọ orúkọ wọn àti ilé tí wọ́n wọ̀ sí, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Kó lọ ra mílíọ̀nù méjì wò.

Àwọn kan á ní: "Ẹgbẹ́ ló ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ni yóò fi sí ẹnu ọ̀nà." Mo gbà, bí ilé bá pọ̀ nílùú. Bó bá jẹ́ ilé méjì péré ni òjò lè lé wa wọ̀, ọ̀rọ̀ ilé náà ti di ọ̀rọ̀ gbogbo wa.

Peter Obi gbìyànjú ọ̀nà kẹta. Ó kúrò nínú PDP kí wọ́n tó dìbò abẹ́lé wọn, ó lọ sí ẹgbẹ́ Labour. Ó gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ní 2023, ó sì borí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Tinubu tó wọlé gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800, kò tó ìdajì gbogbo ìbò. Níbi tí ẹni tó pọ̀ jù bá ti ń kó gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn á máa bẹ̀rù pé ìbò tí wọ́n bá fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò ṣòfò. Wọ́n á padà sọ́dọ̀ àwọn méjì tí wọn kò fẹ́.

Bí ó ti rí ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ológun kankan kò dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò ló sọ wọ́n di méjì. Ní ìpínlẹ̀ Florida, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, kò ní í bá wọn dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà. California tún tirẹ̀ ṣe láti 2012: fún ipò aṣòfin àti gómìnà, olùdíje gbogbo ẹgbẹ́ wà lórí ìwé kan, gbogbo ìlú dìbò, àwọn méjì tó pọ̀ jù ló ń lọ síwájú.

Àwa ńkọ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀? Ní oṣù kẹrin 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n jẹ́ kó du ìjókòó aṣòfin, méjèèjì sì ń ti Ààrẹ Patrice Talon lẹ́yìn. Wọ́n pín ìjókòó 83: 47 fún ọ̀kan, 36 fún èkejì. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bíi 27 ló lọ dìbò. Ní 2023, ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates wọlé, ó gba 28 nínú 109. Ní oṣù kìn-ín-ní 2026, ẹgbẹ́ méjì ti ìjọba tún pín gbogbo ìjókòó 109 láàárín ara wọn.

Ẹ bi ara yín ní Kétu, ẹ bi ara yín ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn abúlé: ta ló pè yín sí ìpàdé kankan kí wọ́n tó kọ orúkọ aṣòfin yín sílẹ̀? Wọn yóò tún padà wá pẹ̀lú aṣọ àti iyọ̀. Kí ẹ tó gba aṣọ, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n mú orúkọ náà, ibi tí wọ́n ti mú un, àti iye ènìyàn tó jókòó níbẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé lójú wọn. A ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.