Ọmọ Tó Há Ìwé Sórí Kò Mọ̀wé Kà

Gbogbo òbí ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú ló ń tì wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ síbi ìpàdé òbí nílé-ìwé aládàáni tí ọmọ-ọmọ mi wà ní pírámárì kẹta. Wọ́n pè é síta kó wá ka ìwé Òyìnbó fún wa. Ó kà á geerege, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo ìka rẹ̀ ní tèmi. Ẹnu ti ka ojú ìwé tán, ìka ṣì wà lórí ìlà kejì! Mo bá dìde, mo ṣí ìwé náà síwájú, mo ní, "Àdùkẹ́, ka ibí yìí fún mi." Àwòrán ajá ló wà níbẹ̀. Ìtàn ìyá tó lọ sọ́jà, tó ti ń kà bọ̀, náà ló tún mú sẹ́nu.

Mo fa bírò yọ, mo kọ "Ìyá ra iṣu" sẹ́yìn káàdì tí wọ́n kọ máàkì 94 sí fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wò ó títí, ó wo ojú tísà. Tísà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, a kì í sọ Yorùbá níbí, sà. Ọmọ tó bá sọ ọ́ máa san fáìnì." Yorùbá ló sì fi sọ ọ́ fún mi o!

Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, bó bá pe "bà" mọ́ "tà", etí ara rẹ̀ ni yóò sọ fún un pé bàtà ni, pé ó ti gbà á. Lédè tí kò gbọ́, ta ni yóò sọ fún un? Kò sóhun tó kù ju kó há a sórí lọ.

Níbi tí a dé yìí ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní ká fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, lóṣù kọkànlá ọdún 2025, tó sì ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká fi máa kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi ní WAEC, NECO àti JAMB. Ilé-ìwé wo ló lò ó? Èyí tó ń gba fáìnì? Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún 6 gbáko ní Ilé-Ifẹ̀, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò rẹ̀yìn. Wọ́n tún mọ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹgbẹ́ wọn lọ.

   

Kí gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kọ etí ikún sí Àbújá. Kí ọmọ kankan má kúrò ní pírámárì kìíní láìlè ka Yorùbá. Ilé-ìwé tó bá gba fáìnì, ẹ tì í pa. Ẹ̀yin òbí, lálẹ́ òní, ẹ ṣí ìwé ọmọ yín síbi tí wọn ò tíì kọ́ ọ dé, kẹ́ ẹ ní kó kà á.

Bàbá àgbà kan,
Ìbàdàn.