Rélùwéè Agbádó sí Ọ̀yìngbò: Ojú irin kan, onílé méjì

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni rélùwéè Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láti Agbádó wọ Ọ̀yìngbò. Kìlómítà 27 ni, ibùdókọ̀ mẹ́jọ, káàdì Cowry sì ni wọ́n fi ń sanwó.

Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì ò ní í fojú kékeré wò ó. Àmọ́ kí ló dé tí ọkọ̀ náà ò kì í wá léraléra bíi Blue Line?

Ojú irin tí Red Line ń tọ̀ kì í ṣe ti Èkó. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 fún ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Blue Line ní ojú irin tiẹ̀, iná mànàmáná ló sì ń lò. Díṣù ni Red Line ń jó.

Ìlú yìí ti dúró pẹ́. Lọ́dún 1983 ni Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ Metroline, ìjọba ológun sì fagi lé e lọ́dún 1985.

Bí àfikún ọkọ̀ ò bá sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, dáńfó náà lèèyàn á padà sí. Ọjà Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, àmọ́ ìyá alátà tí rélùwéè fi sílẹ̀ l'Ágége mọ̀ ọ́n.