Ọmọ Tó Ń Kọ́ Lítíréṣọ̀, Dárúkọ Awo

Bí ọmọ bá wọ fásitì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Adó-Èkìtì láti kọ́ nípa lítíréṣọ̀ àti ìtàn kíkọ, kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ní kó lọ gba lítíréṣọ̀ alohùn wá lẹ́nu àwọn àgbà. Ọ̀dọ̀ babaláwo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ló ní Adó nilé Ifá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ á gbé fóònù síwájú awo, awo á kì Ifá títí ohùn rẹ̀ á fi há. Tí iṣẹ́ bá délẹ̀, ẹ ó kà á níbẹ̀ pé, “bàbá àgbàlagbà kan ló sọ ọ́.” Ẹlòmíì á sọ ẹsẹ náà di ìtàn àròsọ, á sì kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí i. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ifá gan-an kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Odù 256 la ní, ojú odù 16 ló ṣáájú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ṣàlàyé pé ìpín mẹ́jọ ni ẹsẹ Ifá lè ní. Kí ni ìpín àkọ́kọ́? Orúkọ awo tó dífá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n dífá fún àti ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ awo. Ìgbà yẹn la tó máa gbọ́ bóyá ó rúbọ tàbí kò rú, àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. A kì í fo orúkọ awo kọjá ká tó bọ́ sínú ìtàn. Ẹ̀kọ́ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé.

Ẹ wo Níyì Ọ̀ṣúndáre, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní 1947, tó sì kàwé ní Christ's School ní Adó kó tó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Àgbẹ̀ tó tún ń lùlù ni baba rẹ̀. Ìwé ewì rẹ̀, The Eye of the Earth, gba ẹ̀bùn ewì Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní 1986. Òkè Olósùnta wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò pè é ní òkúta kan lásán.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ àwọn á di abọ̀rìṣà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kíkọ́ ẹsẹ Ifá yàtọ̀ sí ìtẹ̀fá. Àwọn tó ń ka Homer nílé ìwé kò bọ Zeus. Àwọn awo ẹgbẹ́ mi náà wà tó ń sọ pé awo kì í ta awo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú igbódù ni àṣírí wa wà. Ẹsẹ tí à ń kì lójú agbo kì í ṣe àṣírí.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yín fún. Bí awo bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti odù tó kì sílẹ̀. Tó bá fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì kì í, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ padà lọ kà á sí i létí, kó tún ibi tó wọ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì fún un ní ẹ̀dà kan. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o, olùkọ́ yín lòun náà.

Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ńlá fún gbogbo aráyé. Ayé ti mọ orúkọ Ifá. Ṣùgbọ́n awo tó ń kì í ní abúlé wa ń dàgbà, tó bá sì papò dà, “bàbá àgbàlagbà kan” kò ní jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé òun ló ni ohùn yẹn.

Kí Ifá gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.