Wọ́n Rà Á Tán, Wọ́n Tún Yá A Fún Ẹlòmíràn

 

Ìyá kan tí ó máa ń ka ojú ìwé wa yìí ni ó wá bá mi nílé, ó di ìwé àdéhùn kan sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní òkè òkun ti ní àwọn yóò rà á. Inú gbogbo ilé dùn, àwọn aládùúgbò ti ń kí wọn kú oríire, títí aṣojú ọmọ náà fi sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ìyá rẹ̀: pé bí wọ́n bá ti rà á tán, wọn yóò yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ènìyàn bá ra aṣọ tuntun, ṣé ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ gbé e wọ̀? Àbí wọn kò fẹ́ ọmọ mi ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ kí n wádìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní agbábọ́ọ̀lù bí 30, ṣùgbọ́n ènìyàn 11 péré ni í wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ń wo ẹlòmíràn kò lè mọ iṣẹ́ náà dunjú. Nítorí náà, wọ́n a yá a fún ẹgbẹ́ kékeré níbi tí yóò ti rí eré gbá, kí ó padà wá bí sáà bá parí. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà. Èyí kì í ṣe ìwọ̀fà, nítorí kò sí gbèsè lọ́rùn ọmọ, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Ibi tí wọ́n fi jọra ni pé ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kọ́ ni ó ni í.

Victor Osimhen, tí wọ́n bí ní Èkó, lọ sí Wolfsburg ní Jámánì ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ní gbogbo àkókò tí ó lò níbẹ̀, kò rí ayò kankan gbá wọlé nínú líìgì. Ní ọdún 2018 wọ́n yá a fún Charleroi ní Bẹ́líjíọ́mù. Àwọn wọ̀nyẹn nílò rẹ̀, wọ́n fi í síwájú, ó sì gbá ayò 20 wọlé ní sáà kan ṣoṣo. Ó ti wà nínú àdéhùn pé Charleroi lè rà á bí ó bá wù wọ́n. Wọ́n rà á, wọ́n sì tà á fún Lille ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2019. Ní ọdún 2023 ó gba líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli, òun náà ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ ní Áfíríkà lọ́dún náà. Bí wọn kò bá yá a, bóyá a kì bá tí mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìrànlọ́wọ́ di òwò. Àwọn ẹgbẹ́ olówó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọmọ pamọ́ bí ìgbà tí alájàpá bá ń kó iṣu pamọ́ de ọ̀wọ́n: wọn kò ní jẹ ẹ́, wọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i rà. Ní sáà 2018 sí 2019, nǹkan bí agbábọ́ọ̀lù 40 tí ó jẹ́ ti Chelsea ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ wo Kenneth Omeruo. Oṣù kìíní ọdún 2012 ni Chelsea rà á. Wọ́n yá a lọ sí Hólándì, wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ mìíràn ní Ìlú Ọba, wọ́n yá a lọ sí Tọ́kì, wọ́n yá a lọ sí Sípéènì. Ní ọdún 2013, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi bá Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, títí ó fi kúrò ní ọdún 2019, kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdíje kan ṣoṣo fún Chelsea.

Ọdún 2019 náà ni FIFA dá ọjà dúró fún Chelsea, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí wọn kò rí ẹnikẹ́ni rà mọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá Frank Lampard yíjú sí inú ilé. Ibẹ̀ ni Fìkáyọ̀ Tomori wà, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí Chelsea tọ́ dàgbà, tí wọ́n sì ti yá fún Brighton, fún Hull, àti fún Derby níbi tí Lampard ti mọ̀ ọ́n. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà ilẹ̀ England. Ọmọ náà ti wà nílé tipẹ́ o. Ìgbà tí wọn kò lè ná owó mọ́ ni ojú wọn tó là sí i.

Irú ìwà wọ̀nyí ni ó mú kí FIFA ṣe òfin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2022. Láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ yá ju agbábọ́ọ̀lù 8 síta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbọdọ̀ yá ju 8 wọlé; ó di 7 ní ọdún 2023, ó sì di 6 láti ọdún 2024. Láàárín ẹgbẹ́ méjì kan náà, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ìyálò kan kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹni tí ó yá ọmọ kò sì lè tún un yá fún ẹlòmíràn. Wọ́n fún àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ọdún 3 láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ìyálò abẹ́lé.

Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ ka ibi tí ó ti yọ àwọn kan sílẹ̀.  Wọn kì í ka ọmọ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà tí kò sì tíì ju ọdún 21 lọ, títí sáà tí ó pé ọdún náà yóò fi parí. Èrò FIFA ni pé àwọn ọ̀dọ́ gan-an ni ó yẹ kí wọ́n máa yá kiri kí wọ́n lè rí eré gbá. Mo gbọ́ èrò náà, n kò sì sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ iye ọmọ tí a yá síta ni òfin yìí ń kà; kò ka iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ọmọ náà gbá níbi tí a yá a lọ.

Táíwò Awóníyì ni yóò jẹ́ kí ó yé yín. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, ní Abu Dhabi ní ọdún 2013. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, bí ó ti ń pé ọdún 18, Liverpool rà á. Òfin Ìlú Ọba nígbà náà ń wo iye ìgbà tí àjèjì ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Níbo ni ọmọ ọdún 18 yóò ti rí i? Wọ́n yá a fún FSV Frankfurt ní Jámánì. Láti ibẹ̀ ó di NEC ní Hólándì, ó di Mouscron ní Bẹ́líjíọ́mù, ó di Gent níbi tí nǹkan kò ti ṣẹnuure, ó tún di Mouscron kí sáà náà tó parí, ó di Mainz, ó di Union Berlin. Ìyálò 7 láàárín sáà 6. Ẹ rò ó bí òbí: èdè mẹ́ta, ilé tuntun, òtútù, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun lọ́dọọdún, oúnjẹ tí kò mọ́ ọn lára. Nígbà tí Liverpool tà á fún Union Berlin ní ọdún 2021, kò tíì gbá ìdíje kan fún wọn rí.

Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ó ti mọ ibi tí òun ń gbé, ó gbá ayò 15 wọlé nínú líìgì Jámánì. Nottingham Forest rà á ní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún náà, Liverpool wá bá wọn gbá. Ayò kan ṣoṣo ni ó wọlé lọ́jọ́ náà, Awóníyì ni ó sì gbá a.

Bí òfin 2022 bá ti wà nígbà tí wọ́n ń yá a kiri, èwo ni wọn ì bá kà?  Gbogbo méjèèje ni wọn ì bá kà sí Liverpool lọ́rùn, nítorí Liverpool kọ́ ni ó tọ́ ọ dàgbà. Síbẹ̀, ìṣirò náà kò ní sọ iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó gbá níbi tí wọ́n yá a lọ.

Ohun tí mo sọ fún ìyá náà nìyí nígbà tí ó padà wá. Mo ní kí ó má bínú sí ìyálò, ṣùgbọ́n kí ó béèrè orúkọ ẹgbẹ́ tí yóò yá ọmọ náà kí ọmọ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí láìsí ìfọwọ́sí ọmọ, ìyálò kò lè wáyé. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó ní òun nílò rẹ̀? Ẹni mélòó ni ó wà ní ipò tí ọmọ náà ń gbá níbẹ̀? Ta ni yóò san owó oṣù, ta ni yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí ó bá fi ẹsẹ̀ pa? Ṣé wọ́n lè rà á bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, bí ti Charleroi? Ọdún mélòó ni àwọn tí ó rà á fẹ́ fi yá a kiri?

Ó béèrè nípa àbúrò ọmọ náà tí ó wà ní ọdún 16, pé aṣojú ní òun lè mú àwọn méjèèjì lọ pọ̀. Mo ní rárá. Ẹgbẹ́ òkè òkun kò lè ra ọmọ Nàìjíríà tí ó wà nílé níhìn-ín kí ó tó pé 18. Ẹni tí ó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ tàbí kí ó gé e kù. Irọ́ ni, ọmọ náà ni yóò sì máa gbé e kiri.

Ó kọ gbogbo ìbéèrè náà sẹ́yìn ìwé àdéhùn, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí aṣojú lọ́jọ́ kejì. Aṣojú fèsì nípa owó oṣù. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, kò tíì dárúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan, ìwé náà sì ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀.