Àbá ni Ikán ń Dá: Lórí Orísun Link, Akọni Inú Igbó

Ìtumọ̀ ìtàn ni iṣẹ́ wa níhìn-ín. A máa ń bèèrè ohun tí ìtàn sọ, ohun tí kò sọ, àti ohun tí àwa tí a ń gbọ́ ọ fi kún un. Ìtàn tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí kò ti ẹnu babaláwo jáde. Inú géèmù ni ó wà, àwọn ará Japan ni ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ọ́n, àríyànjiyàn tí ó sì wà lórí rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó yẹ kí ojú wa là sí.

Orúkọ akọni náà ni Link. Ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé eré àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ The Legend of Zelda jáde. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ni àgbà àwọn tí ó ṣe é. Link kì í sọ̀rọ̀. Miyamoto ti ṣàlàyé pé ìsopọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, nítorí pé akọni yìí ni okùn tí ó so ẹni tí ń gbá géèmù mọ́ ayé inú rẹ̀. Nígbà tí kò ti sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Àlàfo wà nínú ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni sì lè fi àbá dí i. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ eré náà kò fi yé bèèrè pé: Ta ni bàbá rẹ̀? Irú ìran wo ni ó ti wá? Ṣé ó tilẹ̀ wà láàyè?

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbá wọ̀nyí. Èrò tèmi ni pé èyí tí ó yani lẹ́nu jù kọ́ ni ó dára jù. Èyí tí ó dára ni èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ohun tí ìtàn fi hàn, tí ó sì jẹ́ kí a rí ẹrù tí orísun akọni náà gbé lé e lórí.

Ohun tí ìtàn fúnra rẹ̀ sọ

Ní ọdún 1998 ni Ocarina of Time jáde. Nínú rẹ̀, ọmọdékùnrin ni Link, ó ń gbé inú igbó láàárín àwọn Kokiri. Àwọn Kokiri kì í dàgbà. Ọmọdé ni wọ́n títí lọ. Olúkúlùkù wọn ni ó ní iwin kékeré kan tí ń fò tẹ̀ lé e káàkiri. Link nìkan ni kò ní. Mido, tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá wọn, a máa fi èyí pẹ̀gàn rẹ̀. Saria ni ọ̀rẹ́ tòótọ́ tí ó ní. Igi ńlá kan tí ń jẹ́ Deku sì ni bàbá gbogbo wọn.

Ganondorf fi èpè pa igi náà, Link sì jáde kúrò nínú igbó. Ó fa idà mímọ́ yọ nínú Tẹ́ńpìlì Àkókò, ó sì sun oorun ọdún 7. Nígbà tí ó jí, ó ti di géńdé. Ó padà sí igbó, Mido kò sì dá a mọ̀. Lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun ibi tí ó ti gba tẹ́ńpìlì igbó náà, igi Deku mìíràn hù láti inú ilẹ̀, èèhù náà ni ó sì tú àṣírí fún un.

Àṣírí náà kò gùn. Link kì í ṣe Kokiri. Ọmọ ẹ̀yà Hylian ni. Nígbà tí ogun gbígbóná kan ń jà ní ilẹ̀ Hyrule, ìyá rẹ̀ gbé e sá wọ inú igbó tí àwọn ará òde kì í wọ̀. Ọgbẹ́ tí ó ní ti pọ̀ jù. Ó fi ọmọ náà lé igi Deku lọ́wọ́, ó sì kú. Igi náà rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí yóò kan àyànmọ́ gbogbo ayé, ó sì tọ́ ọ bí ọ̀kan nínú àwọn Kokiri.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ṣe. Àìní iwin tí wọ́n fi ń bú ọmọ náà kì í ṣe àbùkù rárá. Àmì ni, ó ń sọ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti wá. Ní gbogbo ìgbà tí ó ń rò pé òun kò pé, ó pé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà tí ó mú ẹ̀gàn kúrò lórí rẹ̀ ni ó gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dàgbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dàgbà. Kò lè bá wọn gbé mọ́.

Àbá pé ọmọ ọlọ́lá ni

Àwọn kan kò ní ìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ìyá tí kò lórúkọ yìí. Wọ́n ní bàbá Link gbọ́dọ̀ jẹ́ jagunjagun pàtàkì ní ààfin. Àwọn mìíràn lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni òun àti Zelda, ọmọ ọba. Wọ́n ń wò ó pé ẹni tí ó gba ayé là kò lè jẹ́ ọmọ ẹni lásán.

Àbá yìí ni inú mi kò dùn sí jù lọ, nítorí pé eré náà kò fi ẹ̀rí kankan lélẹ̀ fún un. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún burú ju àìsí ẹ̀rí lọ: pé ìwà akin ọmọ kò lè ní ìdí mìíràn ju kí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá. Ìtàn náà sọ òdìkejì. Obìnrin tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ rìn pẹ̀lú ọgbẹ́ títí ó fi rí ibi tí ọmọ rẹ̀ lè yè. Àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ni ó tọ́ ọ. Ẹ rántí pé láàárín àwọn tí ń gbá géèmù yìí, ọmọ tí kò mọ òbí rẹ̀ wà, ọmọ tí ogun tàbí ikú sọ di ẹni tí ará ilé mìíràn ń tọ́ sì wà. Ìtàn yìí sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kò dín kù. Ẹni tí ó bá wá bàbá olówó fún Link ti gba ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn lẹ́nu ìtàn.

Àbá pé ó ti kú

Ọdún 2000 ni Majora's Mask tẹ̀ lé e. Link ń wá ọ̀rẹ́ kan tí ó ti lọ, ó sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Termina, níbi tí òṣùpá yóò ti já lu ayé lẹ́yìn ọjọ́ 3. Àwọn olólùfẹ́ eré náà dá àbá pé Link ti kú nínú igbó, pé Termina jẹ́ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń kọ́ láti gba ikú náà. Wọ́n mú ẹ̀kọ́ Elisabeth Kübler-Ross wá. Ní ọdún 1969, oníṣègùn yìí kọ ìwé lórí ìpele 5 tí ọkàn ẹni tí ikú dojú kọ máa ń là kọjá: kíkọ̀ láti gbà, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì, àti gbígba kádàrá. Wọ́n ní ìlú àárín Termina ni kíkọ̀, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń múra ọdún nígbà tí òṣùpá ń sọ̀ kalẹ̀ lé wọn lórí. Igbó Woodfall ni ìbínú, nítorí ọba ibẹ̀ tí ó fẹ́ fìyà jẹ ọ̀bọ aláìṣẹ̀. Òkè Snowhead ni ìdúnàádúrà, níbi tí òkú akọni kan ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jí òun. Etí òkun ni ìrẹ̀wẹ̀sì. Ilẹ̀ Ikana tí ó kún fún òkú sì ni gbígbà.

Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú àbá yìí. Àwọn tí ó dá a lọ wo ilẹ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún rántí pé Ocarina of Time ti kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá sọnù nínú igbó yẹn yóò di òkú tí ń rìn. Ìbànújẹ́ kún Termina lóòótọ́. Ibi tí mo ti yapa sí wọn nìyí: bí Link bá ti kú, bí àwọn ará Termina bá sì jẹ́ àlá ọkàn rẹ̀, a jẹ́ pé kò gba ẹnikẹ́ni là. Ọmọ tí ó ń sunkún níbẹ̀ kò sí. Àwọn olólùfẹ́ méjì tí ń dúró de ara wọn títí di wákàtí ìkẹyìn kò sí. Àbá tí ó bá sọ gbogbo ènìyàn inú ìtàn di òjìji ẹnì kan ṣoṣo ti náwó jù fún ìyanu tí ó rà. Ní òpin eré náà, Link gun ẹṣin rẹ̀ padà sínú igbó, ìrìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ síwájú. Ohun tí a fi hàn wá nìyẹn.

Àbá jagunjagun tí ó ku egungun

Ní ọdún 2006, Twilight Princess jáde. Link inú rẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn, tí ó wá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ ní ìran púpọ̀. Ìkookò aláwọ̀ wúrà kan ń pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó sì ń yí padà di òkú jagunjagun: egungun gbígbẹ nínú ìhámọ́ra tí ó ti dógùn-ún, ojú kan ṣoṣo ni ó ń tàn. Ó kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọgbọ́n idà 7, ṣùgbọ́n kò sọ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ ní: ẹni yìí ni Link ti Ocarina of Time. Ẹ wo ohun tí wọ́n dúró lé. Díẹ̀ nínú àwọn orin tí ó ń pè é jáde wà nínú eré ti 1998 àti ti 2000. Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọmọ òun. Ó sì sọ pé òun gbé ayé akọni, ṣùgbọ́n òun kò rí àyè fi ẹ̀kọ́ ayé náà lé àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rántí òpin Ocarina of Time yóò mọ ìdí. Zelda dá Link padà sí ìgbà ọmọdé rẹ̀, kí ìparun tó dé. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó rí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kí i kú iṣẹ́. Ó mọ ohun tí ó ṣe. Ayé kò mọ̀.

Nígbà tí ìwé Hyrule Historia jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 2011, ìwé náà fi ìdí àbá yìí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé ó ti dára kí ìwé tó dé. Ó dára nítorí pé ó mú kí ìtàn méjì jinlẹ̀ sí i láì sọ ọ̀kankan di irọ́. Ọmọ tí kò ní ìyá tí yóò sọ ìran rẹ̀ fún un wá di baba ńlá tí kò lè sinmi títí ó fi rí ọmọ tí yóò kọ́. Ẹ̀rí nìyí pé orísun akọni kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ni ó fi rán an.

Kí ni èyí kàn wá?

Ẹnì kan lè sọ pé eré ni, pé kí a jẹ́ kí ọmọdé máa dá àbá bí ó ti wù wọ́n. Èmi náà fẹ́ kí wọ́n máa dá a. Ẹni tí ń dá àbá ń ronú. Àwọn àgbà ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Kò sí ìtìjú fún ikán nínú dídá àbá. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbá bá wọ aṣọ ìtàn, tí ọ̀pọ̀ sì ń sọ pé Link ti kú bí ẹni pé eré náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìwé oníṣẹ́ pàápàá yẹ ní yíyẹ̀wò. Hyrule Historia kan náà pín ìtàn Hyrule sí ẹ̀ka 3, ó sì fi àwọn eré àtijọ́ sí ẹ̀ka kan níbi tí Ganon ti ṣẹ́gun Link. Ocarina of Time kò parí báyẹn. Ìwé náà ní àṣẹ ẹni tí ó ni eré, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbá eré náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun kò rí i níbẹ̀.

Àwa náà mọ irú ìṣòro yìí. Awo tí ó gbọ́ṣẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ Ifá parí sí, ó sì mọ ibi tí àlàyé tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀; kì í da méjèèjì pọ̀ fún ẹni tí ó wá dífá. Bákan náà, nígbà tí a bá ṣe ìkọ̀sẹ̀dáyé fún ọmọ tuntun, a kì í wá orísun kí a lè fi yangàn. A ń bèèrè ọ̀nà tí ọmọ náà yóò tọ̀ àti èèwọ̀ tí yóò pa mọ́. Ọmọ tí ó ń jiyàn lórí Link nínú yàrá rẹ̀ ń bèèrè ohun kan náà ní èdè tirẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ ilé yín bá tún gbé àbá wá, ẹ má ṣe lé e. Ẹ bi í pé: Níbo ni o ti rí i nínú eré náà? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, àwọn wo ni ìtàn yóò pàdánù? Bí ó bá lè dáhùn méjèèjì, ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbọ́ ìyókù. Ire o.