Orúkọ Ni Ìrántí, Kì í Ṣe Òkúta

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀ka wa dá owó jọ láti fi ṣe ìrántí àwọn bàbá wa tí wọ́n lọ sí ogun Hítílà. Àwọn kan ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní owó kò sí lóde, wọ́n ní òkú kì í jẹun, alààyè ni kí a bọ́. Èmi kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí Olóòtú fún mi ní ààyè, mo fẹ́ sọ tèmi. Ohun tí mo rí ni pé apá méjèèjì gbàgbé ohun kan, ohun náà sì ni orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Jan Scruggs. Ó lọ sí ogun Vietnam, ó sì gba ọgbẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1969. Kì í ṣe ọ̀gágun, ṣójà kékeré ni. Nígbà tí ó padà délé, ó rí i pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ogun náà sétí mọ́. Ní ọdún 1979, òun àti àwọn ṣójà ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti kọ́ ibi ìrántí fún àwọn tí ó kú, ní Washington, olú-ìlú wọn. Ó mú 2,800 dọ́là nínú owó ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún náà, tí í ṣe ọjọ́ òmìnira wọn, gbogbo owó tí àwọn ènìyàn dá kò ju 144 dọ́là àti 50 sẹ́ǹtì lọ. Wọ́n sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ènìyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé igbá ìdáwó yí ọjà ká rí, ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Wọn kò dẹ́kun. Ní ọdún 1980, ìjọba fún wọn ní ilẹ̀, kò sì fún wọn ní owó ìkọ́lé. Àwọn ẹgbẹ́ ṣójà àtijọ́ bíi American Legion dá sí i, àwọn òṣìṣẹ́ dá sí i, opó àti ìyá òkú dá sí i. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àwọn tí ó dá owó ju 275,000 ènìyàn lọ, owó náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 8.4 dọ́là. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 1982, wọ́n ṣí i.

Kí ni wọ́n fi owó náà kọ́? Wọn kò fi ère ọ̀gágun lórí ẹṣin ṣe olórí ibẹ̀. Ògiri dúdú ni, ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọdún 21, Maya Lin, ni ó ya àwòrán rẹ̀, nínú àwòrán 1,421 tí a fi ránṣẹ́. Inú bí àwọn kan sí i, wọ́n ní ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó kún ara ògiri náà, orúkọ ènìyàn tí ó ju 58,000 lọ, a tò wọ́n bí wọ́n ṣe kú tẹ̀ léra. A kò kọ oyè ọ̀gá síbẹ̀, a kò sì kọ oyè ọmọ-iṣẹ́. Ìyá yóò dé ibẹ̀, yóò wá orúkọ ọmọ rẹ̀, yóò fi ọwọ́ pa á, yóò sì sunkún. Nítorí orúkọ yìí ni àríyànjiyàn náà ṣe parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 1943 ni wọ́n kó Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ sí Bọ́mà. Àwòrán aláǹtakùn ni àmì wọn. Yorùbá wà nínú wọn, Haúsá wà níbẹ̀, Tífì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Gold Coast àti Sàró. Mélòó nínú wọn ni a mọ orúkọ rẹ̀ lónìí? Ọ̀kan ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ìbọn bà á ní Bọ́mà ní ọdún 1944, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ sì fi òun àti ṣójà Sàró kan pamọ́ fún oṣù púpọ̀, títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé. A mọ ìtàn yìí nítorí pé Bàbá Fadoyebo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni wọ́n ṣe fi ṣe fíìmù ní ọdún 2011, tí a sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 2014. Bàbá náà kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kú.

Àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn ńkọ́? Ní ọdún 2021, Àjọ tí ó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́núẹ́lítì jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì. Ó ní ó kéré tán 116,000 ènìyàn tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibi kankan. Àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ará Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà rò pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò mọ iyì òkúta ibojì. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!

Ṣùgbọ́n kí a má dá àwọn òyìnbó nìkan lẹ́bi. Ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi ni bàbá arúgbó kan ń gbé nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ọjà. Gbogbo wa ń pè é ní Bàbá Ṣójà. Ní ọjọ́ tí ó kú, ẹgbẹ́ fẹ́ kọ ìwé nítorí ìyàwó rẹ̀. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ni orúkọ rẹ̀? Nínú iṣẹ́ ológun, orúkọ ìlú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe orúkọ bàbá fún ṣójà, nítorí náà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ mọ́ ọn lára. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí nínú ìwé, nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí a kọ kò já mọ́ nǹkan, màmá náà sì ta àkàrà títí ó fi kú. Àwa tí a jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ni a kò bi í léèrè.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn tí ó ń sọ pé alààyè ni kí a bọ́ má ṣe bá wa jà. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ pé opó ni? Ìwé orúkọ yìí kan náà ni a ó fi mọ ẹni tí ebi ń pa.

Àbá mi rèé. Kí a má tíì sọ̀rọ̀ òkúta, kí a má sì tíì gbé igbá. Kí ẹ̀ka wa ra ìwé ńlá kan. Kí olúkúlùkù mú orúkọ wá: orúkọ tí wọ́n sọ ṣójà náà nílé, orúkọ tí wọ́n fi pè é nínú iṣẹ́ ológun, ìlú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bí ó bá wà, àti àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Kí a kọ ti ogun Hítílà, kí a kọ ti ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, kí a sì kọ ti àwọn ọmọ tí ogun òde òní ń pa.

Kí ìwé náà má sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Inú kòtò kan náà ni àwọn bàbá wa àti bàbá àwọn onílé wa sùn ní Bọ́mà, wọ́n sì jọ sọ Haúsá síra wọn. Kí a lọ bá mái-úngúwà, kí a ní kí wọ́n kọ tiwọn sí i. Àlejò tí ó rántí òkú onílé kì í ṣe àlejò mọ́.

Nígbà tí orúkọ bá pé, kí a wá dá owó, kékeré tí apá aláta àti oníṣòwò jọ ká. Kí akápò já rìsíìtì fún gbogbo ènìyàn, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé, nítorí a mọ ohun tí ó sọ ìdáwó ti tẹ́lẹ̀ di àríwísí.

Mo ti ra ìwé náà. Ó wà lórí tábìlì mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú ewé àkọ́kọ́ sì ti ní orúkọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi àlàfo sílẹ̀ níwájú rẹ̀, bóyá ẹnì kan nínú yín mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é.

Èmi ni Akọ̀wé yín.