Ẹ gbé ayùn oníná kúrò láàárín ìsọ̀ wa

 

Ọ̀pọ̀ wa ló ti ń kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì báyìí, tí à ń tẹ́ pákó laminate. Ó dára, ó ń dán, oníbàárà á wọlé á sì mọ̀ pé ibi gidi lòun wọ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń gé e gan-an ló ń bí wa nínú. Káfíńtà á gbé ayùn oníná dé ní ọ̀sán gangan, iná ò sí, á tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó di gígé. Eruku á bo léèsì ẹni tó wà lápá ọ̀tún, á bo èlùbọ́ ẹni tó wà lápá òsì, ariwo ò sì ní jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ iye tí a pe ọjà. Ta ló máa san owó léèsì? Onílé ìtajà á ní káfíńtà ni, káfíńtà á ní afẹ́fẹ́ ni.

Eruku yẹn kì í ṣe eruku lásán o. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù kẹ́míkà tẹ̀ pọ̀, ló wà nínú pákó laminate. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995. Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn lọ́jà ńkọ́?

Èrò tiwa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ pákó nínú ọjà béèrè ẹ̀rọ ìgépákó aláfọwọ́tẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà rẹ̀ kó tó san àsansílẹ̀. Ẹ ti rí irú rẹ̀ tó kéré lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, èyí tí wọ́n fi ń gé pépà. Bákan náà ló rí, àfi pé ti pákó yìí nípọn, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn. Wọ́n á ti pákó sábẹ́ abẹ, wọ́n á tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó ti já nìyẹn. Kò lo iná, kò lo bẹntiróòlù, kò pariwo, eruku rẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta pákó yìí gan-an la fẹ́ kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ máa fi í háyà fún àwọn káfíńtà. Àmọ́ ẹ má kàn ra èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sójú. Ẹ wo ìbú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pákó tó wà lọ́jà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 19 sí 20, ẹ̀rọ ínǹṣì 8 sì lè gé e. Ẹni tó ń ta èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ á wá ẹ̀rọ ínǹṣì 13.

Ibi nínípọn ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. Pákó wà láti mílímítà 6 títí dé 12. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ á mú èyí tó fẹ́lẹ́ jù, á gé e níwájú yín, á lọ geere bí ẹni gé ẹ̀kọ. Ẹ má gbà. Ẹ gbé ègé pákó tiyín lọ, èyí tó nípọn jù nínú ọjà yín, kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti fò lé e lórí kó tó já, tàbí tí ìdí rẹ̀ ń mì, ẹ dá a padà fún wọn. Ọwọ́ tó gùn ló ń mú iṣẹ́ rọrùn. Kúkúrú á kàn máa pa káfíńtà léjìká ni. Ẹ tún wo ojú ibi tó gé. Bí etí rẹ̀ bá kán díẹ̀, kò burú, torí a gbọ́dọ̀ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí pákó lè ráyè wú, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ògiri á sì bò ó. Àmọ́ bó bá fọ́ wọnú, abẹ yẹn ti kú.

Abẹ náà ńkọ́! Ojú laminate le, ó máa ń jẹ abẹ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní abẹ mìíràn nílẹ̀, bóyá a sì lè fi òkúta pọ́n èyí tó wà lára rẹ̀. Bó bá ní "ẹ ṣáà máa lò ó ná", ẹ ní ó dàbọ̀.

A ò ní purọ́ pé gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè la pákó ní gígùn, bẹ́ẹ̀ ìlà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sábà máa ń fẹ́ lílà. Kò sì lè gé kọ́nà yí òpó ká. Ayùn ọwọ́ á ṣe ìyẹn. Bí káfíńtà bá ní àfi ayùn oníná, kó wọn pákó náà sílẹ̀, kó dúró di ìgbà tí a bá palẹ̀ ọjà mọ́, kó gbé e lọ síta gbangba, kó sì bo imú rẹ̀. Pákó mélòó kan ni, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

(Ẹ̀yin ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran, ẹ má bá wa dá sí i. Omi ò bá laminate rẹ́, wíwú ló máa wú. Táìsì ni tiyín.)

Pákó gbọ́dọ̀ sùn ọjọ́ méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ooru ibẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kó o dé ni kẹ́ ẹ ti sọ fún àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí wọ́n ráyè bo ọjà wọn.